Mo Pa Dúdú Rẹ́, Dúdú Ò Lọ

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi lẹ́sẹ̀ tí mo fi rìn débí láàárọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ láàárín èrò.

Ẹ́dítọ̀ fíìmù ni mí. Inú yàrá mi ní Ẹdẹ níbí ni mo ti ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń ya fíìmù á fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, màá tò ó pọ̀, màá fi ránṣẹ́ padà. A ò mọ ojú ara wa. Láti ìgbà tí màmá mi ti kú, tí àbúrò mi kan ṣoṣo sì ti lọ sí Kánádà, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Rédíò ni mo máa ń tàn sílẹ̀ kí ilé má baà dákẹ́ jù.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi. Ọdẹ kan dúró létí odò, ó gbé awò awọ̀nàjíjìn sí ojú rẹ̀ kan, ó ń wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù ní òdìkejì. Odò lásán ni wọ́n yà, wọn ò yà á bí ọdẹ náà ṣe ń rí i láti inú awò. Èmi ni màá ṣe é kó dà bíi pé inú awò la ti ń wò. Mo fi dúdú bo gbogbo àwòrán, mo dá ihò róbótó sí àárín, mo jẹ́ kí etí ihò náà ṣú díẹ̀, kó sì máa gbọ̀n bí ọwọ́ ọdẹ ṣe ń gbọ̀n. Mo wá ní kí n wò ó bí ọdẹ náà ṣe máa wò ó. Mo di ojú òsì, mo fi ojú ọ̀tún nìkan wò.

Ìsàlẹ̀ lápá òsì dúdú ju bí mo ṣe ṣe é lọ. Mo rò pé mo ṣi ọwọ́ gbé. Mo fa dúdú náà sẹ́yìn, kò sún. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó wá ku àwòrán odò nìkan. Dúdú yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà, mo wo ògiri, ojú òsì ṣì wà ní dídì. Ó wà lára ògiri.

Mo gbé fóònù. Mo ń wá orúkọ ẹni tí màá pè. Oníbàárà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àbúrò mi ò gbé e. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Olúwa, mi ò lẹ́nìkan. Rán ẹnìkan sí mi.” Mi ò rí àdúrà míì gbà, ẹkún ló gba ẹnu mi.

Mo jáde láti wá ọkadà. Alhájà tó ń gbé ilé kejì ń sá aṣọ. Láti ọjọ́ tí mo ti kó débẹ̀, ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kúulé mà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wa. Wọ́n wo ojú mi.

“Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?”

“Ojú mi ni, mà. Ọsibítù ni mò ń lọ.”

“Ta ló ń bá ọ lọ?”

“Kò sẹ́nìkan, mà.”

Wọ́n da aṣọ tó kù padà sínú báfù. “Dúró, jẹ́ kí n mú ìborùn mi. Èèyàn kì í dá nìkan lọ sí ọsibítù.”

Dókítà ojú ní Òṣogbo sọ pé awọ kan tó wà lẹ́yìn ẹyinjú mi ló ń ṣí, bí ọ̀dà ṣe ń ṣí lára ògiri. Ó ní ojú kejì tó dáa ló ń bá a bo àṣírí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi mọ̀. Ó ní kò tíì dé àárín, àmọ́ tí n bá fi falẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ojú náà máa lọ. Wọ́n rán wa lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ojú náà kó lè ti awọ yẹn mọ́ àyè rẹ̀, wọ́n wá ní odindi ọjọ́ méje ni màá fi dojú kọlẹ̀, ìbáà jẹ́ ìjókòó, ìbáà jẹ́ oorun.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí mo padà sílé ní Ẹdẹ, mi ò rí ojú èèyàn. Ilẹ̀ ni mò ń wò, àti ẹsẹ̀ ara mi. Ọ̀gá oní-fíìmù ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì. Mo ń rò ó pé tí mo bá kú síbẹ̀, ta ló máa mọ̀?

Alhájà gbé ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín wá. Wọ́n rí bí mo ṣe tẹrí ba, wọn ò jókòó sórí àga. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ níwájú mi, àgbàlagbà tó ti ń di igi mú rìn, wọ́n sì fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ojú wọn lè bọ́ síbi tí mò ń wò.

“Ṣé o rí mi báyìí?”

“Mo rí yín, mà.”

“Ó dáa. Jẹun.”

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á máa sọ fún mi nípa ìgbà tí wọ́n ń ná ọjà ìlú Awo. Tí àkókò ìrun bá tó, wọ́n á dìde, wọ́n á kírun nínú yàrá mi, wọ́n á sì dárúkọ mi nínú àdúà.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, dókítà yẹ̀ mí wò. Awọ náà ti lẹ̀ padà. Mo ka lẹ́tà ara ògiri títí ó fi ku ìlà kan. Ìyẹn tí mi ò rí kà, mo fara mọ́ ọn. Ògo ni fún Ọlọ́run.

Mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ: ilé mi ṣì máa ń dákẹ́. Ẹ̀yìn yẹn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ni mo ti máa ń jókòó nínú ìjọ yìí, tí màá sì ti lọ kí ìsìn tó tú. Lónìí, mi ò ní sá lọ. Mojísọ́lá lorúkọ mi. Ẹ bá mi yọ̀, tí a bá sì ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kí mi.