Ẹran Òkun tí Tísà Sẹ́

"Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí," ni Tísà Ọlágòkè wí nígbà tí wọ́n fà á lọ́wọ́ dé iwájú pẹpẹ. "Kì í ṣe ẹ̀rí ìwòsàn. Ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́, dókítà sì ti sọ ibi tó máa já sí. Irọ́ kan ló wà nínú mi tí mi ò fẹ́ kí wọ́n sin mọ́ mi. Ẹ bá mi wá àga, kí n jókòó sọ ọ́, torí ó gùn."

Àwọn ará ìjọ wo ara wọn. Àgọ́-Àpáta ni ìlú náà, ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Ìrawọ̀, ọjọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́ sì ni. Ẹni tí wọ́n mọ̀ sí olùkọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, tó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ní ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, ló jókòó síwájú wọn yìí, tí ikùn rẹ̀ wú, tí ọrùn rẹ̀ sì ti rù kan egungun. Mọ́ládé ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìjókòó kejì. Ó rò pé ọkọ òun fẹ́ dágbére fún ìjọ ni, ó ti mú aṣọ ìnujú dání. Lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dọ́bìnrin kan dúró, kò wọlé, kò sì lọ. Fọlákẹ́mi lorúkọ rẹ̀. Ìgànná ló ti wá, níbi tó ti ń yan gàrí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni Tísà ti gun ọ̀kadà lọ bá a nídìí ààrò, pẹ̀lú àìsàn lára, tó dọ̀bálẹ̀ fún un nínú èéfín. Ọmọbìnrin náà kò dáwọ́ gàrí dúró. Ó ní: "Sà, èmi mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Kí lẹ wá ń sọ ọ́ fún mi sí? Iwájú àwọn tẹ́ ẹ ti pè mí lópùrọ́ ni kẹ́ ẹ ti lọ sọ ọ́." Ìdí nìyẹn tí Tísà fi wà lórí àga yẹn. Ó ń bẹ̀rù, ó sì mọ̀ pé ìbẹ̀rù náà ti pẹ́ jù.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, igò ńlá kan wà ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú náà. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà kan tó ti di òṣìṣẹ́ nínú ọkọ̀ apẹja ló fi ránṣẹ́ láti Èkó. Ìsàlẹ̀ òkun, níbi tí ìtànṣán oòrùn kì í dé rárá, ni àwọ̀n ti gbé ẹran inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì rẹ ẹ́ sínú oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú jẹrà. Ó gùn tó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá àgbàlagbà. Ó bá akàn àti edé tan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i yóò rò pé ọ̀kùn kan ló jẹun títí tó fi tóbi kọjá ààlà. Èèpo líle bo ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìpele ìpele, bí páànù ṣe ń gun ara wọn lórí ilé. Ẹsẹ̀ méje wà lápá ọ̀tún, méje lápá òsì. Ojú rẹ̀ méjèèjì tóbi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú wẹ́wẹ́ ló sì para pọ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Tísà fẹ́ràn ẹran yìí. Bó bá ti gbé igò náà lé tábìlì, ohùn rẹ̀ a yí padà. Á ní: "Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn abẹ́bẹ̀ pẹlẹbẹ abẹ́ ìdí ẹ̀ yìí, òun ló fi ń mí nínú omi. Òkú ẹja tó bá rì wálẹ̀ látòkè ni oúnjẹ ẹ̀. Bí kò bá rí, ó lè wà lọ́pọ̀lọpọ̀ oṣù láì fẹnu kan nǹkan kan. Tó bá fẹ́ bọ́ èèpo ara ẹ̀, ìdajì ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ bọ́, ìdajì iwájú á tó tẹ̀ lé e. Abo sì lèyí. Ẹ wo àpò tó wà láyà ẹ̀. Inú ẹ̀ ló ń kó ẹyin sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pa. Bí àwọn ọmọ náà bá jáde, wọ́n á ti jọ ìyá wọn, àfi pé ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn ò ní tíì hù. Àwọn onímọ̀ rò pé kì í jẹun ní gbogbo ìgbà tọ́mọ bá wà láyà ẹ̀."

Fọlákẹ́mi, tó mọ ẹran náà yà ju gbogbo kíláàsì lọ, bi í lọ́jọ́ kan pé: "Sà, ebi ò wá ní pa á?"

"Ebi á pa á," ni Tísà dáhùn. "Ìyá kúkú ni."

Lákòókò yẹn, Mọ́ládé lóyún. Success àkọ́bí wọn ti ń lọ sílé ìwé, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá àbúrò fún un. Nígbà tó ku díẹ̀ kó bí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Nọ́ọ̀sì Faith, tó wà ní ilé ìtọ́jú kékeré ìlú náà, yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì pe Tísà sí kọ̀rọ̀. "Bàbá Success, ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín ti ru jù. Ẹ gbé wọn lọ sí Ṣakí lónìí. Ẹ má jẹ́ kó dọ̀la o."

Tísà ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n ìpàdé kan wà ní Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ kejì, níbi tí wọ́n ti fẹ́ yan igbá-kejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ọkàn rẹ̀ sì ti lọ síbi oyè náà. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé nọ́ọ̀sì ní kó sinmi. Ó kọrí sí Ìsẹ́yìn. Ìgbà tó fi máa dé, gìrì ti gbé Mọ́ládé, àwọn aládùúgbò ti dì í mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà lọ sí Ṣakí, wọ́n gba ìyá là, ọmọ ti kú sínú. Wọn ò sì fi òun náà joyè tó torí rẹ̀ lọ.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ?" ni Tísà bi ìjọ níbi tó dé yìí. "Èmi tí mo mọ bí ìyá ẹran òkun ṣe ń febi panú nítorí ọmọ, mo ta ọmọ tèmi nítorí oyè tí wọn ò fún mi."

Wọ́n gbé Nọ́ọ̀sì Faith lọ sí ìlú mìíràn lẹ́yìn náà, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Ilé kún fún ẹbí Mọ́ládé tí wọ́n ń wá ẹni tó pa ọmọ. Orúkọ Màmá Àdùkẹ́ ló bọ́ sí wọn lẹ́nu. Arúgbó opó kan ni, ìyá ìyá Fọlákẹ́mi, ẹ̀yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni ilé rẹ̀ wà, òun ló sì ń bu omi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mu lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Ìyá náà ti fọwọ́ kan ikùn Mọ́ládé rí lójú ọ̀nà odò, ó ní, "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Àdúrà yẹn ni wọ́n wá sọ di èpè, wọ́n ní àjẹ́ ni ìyá náà. Tísà jókòó ti wọn, ó ń gbọ́, kò sì wí nǹkan kan. Ara tù ú. Bí ẹnì kan bá ti wà níta tó jẹ̀bi, kò sẹ́ni tó máa wo inú ilé.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà bá ìjì wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ká páànù yàrá sáyẹ́ǹsì, ó sọ ọ́ sínú oko ẹ̀gẹ́. Tísà ló kọ́kọ́ dé ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀. Ó bá igò náà ní àfọ́kù, òórùn oògùn rẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀, ẹran ò sí níbẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn ti ya, àgbàrá sì ti gba ibẹ̀ wọ ẹ̀yìn ọgbà lọ. Ó ń wo ipa àgbàrá náà lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ariwo láti àgbàlá Màmá Àdùkẹ́.

Nígbà tó débẹ̀, èrò ti pé. Ẹran náà wà nídìí àmù ìyá arúgbó, ó dojú dé inú ẹrẹ̀. Jẹ́ẹ́dé, olórí àwọn ọ̀dẹ tó ń ṣọ́ ìlú, fi ẹnu àdá yí i padà. Àpò àyà rẹ̀ ya, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ funfun sì tú jáde lórí ilẹ̀. Obìnrin kan figbe ta: "Ẹ gbà wá o! Àwọn ọmọ tó ti ń kó jẹ rèé!" Mọ́ládé, tí ara rẹ̀ ò tíì yá, ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀.

Jẹ́ẹ́dé rí Tísà. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ bọ́ síwájú. Kí lèyí?"

Gbogbo ojú yí sí i. Ojú Mọ́ládé wà níbẹ̀, ó ń wò ó láti ilẹ̀. Tísà mọ̀ pé bí òun bá sọ pé ẹran ilé ẹ̀kọ́ lásán ni, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó pa ọmọ náà, wíwá náà sì lè délé òun. Ó ní: "Mi ò rí irú ẹ̀ rí."

Fọlákẹ́mi ya àárín èrò. "Ẹran inú igò wa ni! Sà, ẹ sọ fún wọn! Ẹ ka ẹsẹ̀ ẹ̀, mẹ́rìnlá ni. Òórùn oògùn inú igò ló ń rùn yẹn. Ọmọ ẹ̀ làwọn yẹn, kì í ṣe ọmọ èèyàn, àpò àyà ẹ̀ ló ń gbé wọn sí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, sà!"

Ariwo rọlẹ̀. Jẹ́ẹ́dé gan-an sọ àdá kalẹ̀ díẹ̀. "Tísà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Màmá Àdùkẹ́ kò sunkún. Ó kàn ní: "Tísà, ọmọ mi, bá mi sọ fún wọn."

Ibi tí Tísà dé nínú ìròyìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Wọ́n bu omi fún un, kò mu ún. Ó ní: "Mo wojú ọmọ yẹn, mo ní, 'Ẹran tiwa wà nínú igò rẹ̀. Irọ́ lọmọ yìí ń pa kó lè gba ìyá rẹ̀ sílẹ̀.' Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ lu ìyá arúgbó náà, ṣùgbọ́n èmi ni mo nawọ́ pàṣán fún yín."

Wọ́n lu arúgbó náà kúrò ní àgbàlá rẹ̀. Wọ́n finá sí ilé rẹ̀, wọ́n sọ ẹran òkun náà sínú iná pẹ̀lú ẹní tó ń sùn lé. Mọ́ládé dìde nílẹ̀, ó mú òkúta, ó sọ ọ́ ba ìyá náà léjìká. Tísà kò dúró wò ó. Ó pa dà sí yàrá sáyẹ́ǹsì, ó gbá àfọ́kù igò jọ, ó rì í mọ́lẹ̀, ó sì wí fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn tó wá tún òrùlé ṣe ló fọ́ ọ. Ìyá àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá ọkọ̀ akóṣu lọ sí Ìgànná. Kí iṣu tuntun tó jáde, ìyá náà ti kú. Fọlákẹ́mi ò pa dà sílé ìwé mọ́.

Nígbà tí Tísà dákẹ́, Jẹ́ẹ́dé ló kọ́kọ́ dìde nínú ìjọ, ó ti darúgbó díẹ̀ báyìí. "Irọ́ ni!" ló pariwo. "Àìsàn ló ń ti ẹnu ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá yẹn ló pa dà wá mú un!"

"Ẹ̀gbọ́n Jẹ́ẹ́dé," ni Tísà wí, "mo mọ ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ kó jẹ́ irọ́. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Jẹ́ẹ́dé di ẹ̀yìn ìjókòó iwájú rẹ̀ mú. Ó jókòó. Ìgbà náà ni Mọ́ládé dìde. Kò gbóhùn sókè.

"Bàbá Success, ṣé nọ́ọ̀sì ní ká lọ sí Ṣakí lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó ní ká lọ."

"Ẹ ní ó ní kí n sinmi."

"Mo purọ́ ni."

Mọ́ládé ò bú u. Ó rìn kọjá lára àga rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i, ó gba àárín ìjọ lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ síwájú Fọlákẹ́mi. Ọmọbìnrin náà sáré fà á lápá. "Ẹ dìde, mà. Ẹ ò mọ̀."

"Ǹ bá béèrè," ni Mọ́ládé wí. "Mi ò béèrè. Mo ju òkúta."

Tísà yí àga rẹ̀ sí apá ibi tí àwọn ọ̀dọ́ jókòó sí, púpọ̀ nínú wọn ló ti kọ́ rí. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìwé tẹ́ ẹ kà yìn yín. Mo mọ gbogbo oríkèé ara ẹran yẹn, mo mọ bó ṣe ń mí, mo mọ bó ṣe ń bímọ. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí, ìdáhùn ẹ̀ wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Bí wọ́n bá bi yín lóhun tẹ́ ẹ mọ̀, tí ẹ̀mí ẹnì kan sì wà nídìí ẹ̀, ẹ sọ ọ́ kí ẹ̀rù tó dé. Bí ẹ bá gbà á láàyè kó jókòó, ẹ ò ní lè lé e dìde mọ́."

Ó wá nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ó gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀, ikùn ò jẹ́, ó sì wà lórí orúnkún. "Fọlákẹ́mi, òótọ́ lo sọ lọ́jọ́ náà. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Forí jì mí."

Omi wà lójú Fọlákẹ́mi, kò sì nù ún.

"Mo gbọ́, sà," ló wí. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè forí jì yín. Bí mo bá ní mo ti ṣe é, irọ́ ni màá máa pa, irọ́ sì ti pọ̀ jù nílùú yìí."

Ó fa Mọ́ládé dìde nílẹ̀, àwọn méjèèjì sì jáde lọ sínú oòrùn.