Mo purọ́ fún ọkọ mi nípa mọ́nítọ̀, ó gbà pé ojú òun ló bàjẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi fún ọdún méjì. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi, mi ò sì ní ọ̀rẹ́ tí mo lè sọ ọ́ fún. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí ni pé ọkọ mi fẹ́ kọ iṣẹ́ kan tí Ọlọ́run gbé wá bá a, irọ́ mi ló sì ń jẹ́ kó kọ̀ ọ́. Bí oṣù yìí bá parí tí mi ò sọ̀rọ̀, iṣẹ́ náà lọ nìyẹn.

Agége ni à ń gbé, nínú yàrá kan ṣoṣo. Bàbá Kúdí, ọkọ mi, ló máa ń to fídíò fún àwọn èèyàn. Bí wọ́n bá ya ìgbéyàwó tàbí eré, òun ló máa gé e, tí á sì tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, kí ojú èèyàn lè rí bí ojú èèyàn. Iṣẹ́ àwọ̀ yìí ló mọ̀ jù. Wọ́n máa ń wá a wá láti Ifákọ̀ títí dé Onígbòǹgbò. Ṣùgbọ́n kò ní mọ́nítọ̀ tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí àwòrán ti ń hàn, tó lè máa wò bó ṣe ń tún àwọ̀ ṣe. Ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù ló ti ń ṣe é. Tuntun kì í ṣe ẹgbẹ́ wa mọ́ látìgbà tí ìjọba ti gbé ètò SAP dé tí gbogbo nǹkan sì di ọ̀wọ́n. Tòkúnbọ̀ nìkan ni agbára wa ká.

Ó gbọ́ pé bàbá kan ní Ìkẹjà ní méjì, iye kan náà sì ni wọ́n ń tà wọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé náà, òun ló máa di kámẹ́rà mú níbi ìgbéyàwó kan, ó wá rán mi. Ó fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì kan àti àjákù ańkárá.

“Aṣọ yìí gan-an ni ìyá mi wọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn,” ó ní. “Mú un dání sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán wọn. Èyí tó bá bá aṣọ mu ni kó o rà. Má wo èyí tó dùn ún wò o.”

Mo pọn Kúdí, mo lọ. Ọmọ oṣù mẹ́fà ni nígbà yẹn. Bàbá Ìjẹ̀bú tó ń tà á kò yọ mí lẹ́nu, wọ́n ti kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ fún mi. Ọ̀kan kéré, ó ti ṣiṣẹ́ rí ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìkejì jẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá tí wọ́n ń lò nílé. Pupa tó ti ṣá díẹ̀ ni aṣọ ọwọ́ mi. Nínú kékeré, bó ṣe rí lọ́wọ́ mi gẹ́lẹ́ ló rí. Nínú ńlá, ó pọ́n bí epo tuntun.

“Ìyàwó, kékeré yìí kì í purọ́,” bàbá náà sọ fún mi. “Ṣùgbọ́n kò gba àńténà, kò lè mú iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kankan o. Bí àwọn ṣọ́jà bá tún gbàjọba láàárọ̀ ọ̀la, kò ní sọ fún ọ.”

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe mí. Láàárọ̀, gbogbo ayálégbé inú ọgbà wa á ti gba iléeṣẹ́ lọ. Ọkọ mi náà á jáde. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn èèyàn mi wà. Á wá ku èmi àti ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ títí ohùn ara mi á fi sú mi. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa pe oníbúrẹ́dì, kì í ṣe pé mo fẹ́ rà. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan dá mi lóhùn ni.

Tẹlifíṣọ̀n ńlá ni mo rà, kí ohùn èèyàn lè wà nínú yàrá.

Nígbà tí Bàbá Kúdí dé, ó ní, “Èwo ló bá aṣọ mu?”

Mo ní, “Ńlá yìí ni. Kékeré yẹn ń pọ́n jù.”

Ó ní kí n mú aṣọ wá. Mo ní ó já bọ́ lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà. Irọ́ ni. Ó wà nínú àpò ìlédìí ọmọ. Ó wò mí, ó ní, “Kò burú. Ojú tìẹ ni mo fi wò ó.”

Kò lọ ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù mọ́, kò sì sí ibi tó ti lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé, torí dúdú-òun-funfun ni tẹlifíṣọ̀n gbogbo àwọn ará ilé wa. Bí àwòrán bá ti pọ́n jù lójú rẹ̀, á dín pupa kù nínú kásẹ́ẹ̀tì. Bí iṣẹ́ bá dé ilé ẹni tó ni ín, gbogbo ojú á wá rí bí eérú. Ọ̀gá eléré kan gbé tiẹ̀ padà wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa.

“Bàbá Kúdí, ààyè ni mo kó fún ọ,” ó ní. “Òkú lo kó padà fún mi.”

Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́, ó tún un ṣe, ó tún bàjẹ́ sí i. Ẹlòmíràn tún gbé tirẹ̀ padà. Ó ní nígbà tí mo ti sọ pé mọ́nítọ̀ bá aṣọ mu, á jẹ́ pé ojú òun ló bàjẹ́. Ní ọsibítù ojú, wọ́n ní ojú rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Kò gbà wọ́n gbọ́. Ó ta ẹ̀rọ tó fi ń to fídíò, ó lọ ń gbẹ́rù ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ohun tó ń pa mí lára kò ju èyí lọ: tó bá fẹ́ wọṣọ, Kúdí ló máa ń bi. “Àwọ̀ wo lèyí?” Ọmọ náà rò pé eré ni. Á ní, “Búlúù!” Bàbá rẹ̀ á wá wọ̀ ọ́. Bí mo bá tan tẹlifíṣọ̀n yẹn, á kọjú sí ògiri, kò sì ní bá mi sọ̀rọ̀. Tẹlifíṣọ̀n á máa sọ̀rọ̀, èmi nìkan ni mo ń gbọ́. Mo ti wá dá wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí à ń pè ní Bọ̀dá Múfú wá. Ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù fídíò sí Onígbòǹgbò, ó ń wá ẹni tí á máa tún àwọ̀ ṣe.

Ọkọ mi ní, “Fi mí sílẹ̀, Múfú. Ojú mi ń tàn mí jẹ.”

“Ojú wo? Ojú tó ríran rí Ìyá Kúdí láàárín gbogbo ọmọge Ògbómọ̀ṣọ́?”

Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Múfú ní òun á dúró títí oṣù á fi parí, lẹ́yìn náà òun á mú ẹlòmíràn. Mo gbé omi dání lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo gbé omi kalẹ̀, mo jáde.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́. Ẹ má wulẹ̀ sọ ìyẹn fún mi. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá kí n sọ ọ́ fún òun nìkan, àbí kí n pe Bọ̀dá Múfú jókòó tì wá. Ẹ̀rù ń bà mí. Ọdún méjì ni kò fi gba ojú rẹ̀ gbọ́, èmi ló gbà gbọ́. Ọjọ́ tí mo bá sọ fún un pé ojú rẹ̀ dára, èmi ló máa kọ́kọ́ fi wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí mo ṣe máa dúró níwájú rẹ̀.