Ẹgbẹ̀rún Náírà Tí Múnírù Ná

Ọpẹ́ ni fún Ọba tó ń rí inú àpò láì tú u wò. Kí Ó bá wa kẹ́ Ànábì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́hun, Aláàánú ni Ọlọ́hun. Èyí tí o ṣẹ ẹ̀dá, àfi kí ẹ̀dá ọ̀hún yọ̀ǹda rẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sùn lábẹ́ fáànù yẹn, ẹ jí o!

Ọkùnrin kan wà ní Ìkìrun, Múnírù ló ń jẹ́, páànù ló ń tà. Lọ́jọ́ kan, ó rí ẹgbẹ̀rún náírà kan nínú owó ọjà rẹ̀, ara ẹ̀ fu ú. Ó fi itọ́ pa á lára, àwọ̀ bó. Ayédèrú! Kí ló yẹ kó ṣe? Ṣé kò yẹ kó fà á ya? Ọkàn rẹ̀ ní, “Ṣé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ ni? Ẹni tó fún mi, ṣé ó ro tèmi?” Ó dúró di ìrọ̀lẹ́, ó fi ra èédú lọ́wọ́ Ìyá Kúbúrà, tójú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Ìyá tún ṣàdúà fún un: “Ọlọ́hun á gbé ọ dé Mẹ́kà.” Ó dáhùn, “Àmín!” Ẹ ò rí nǹkan?

Àdúà ìyá gbà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kan Múnírù láti lọ ṣe Hajj. Ẹ sì mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń lọ Mẹ́kà a máa kiri ojúlé tọrọ àforíjì, torí kò mọ̀ bóyá òun á padà. Múnírù bẹ aládùúgbò, ó bẹ àna. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń yọ̀ǹda rẹ̀. Ìgbà tó ku ilé Ìyá Kúbúrà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo.

“Ìyá, owó tí mo fi ra èédú lọ́jọ́sí, ayédèrú ni. Mo mọ̀ kí n tó fún yín.”

“Ìwọ, Múnírù?” Ìyá mí kanlẹ̀. “Mo yọ̀ǹda rẹ. Àmọ́ kò dúró lọ́wọ́ mi. Làtífù ọlọ́kadà ni mo fún.”

Múnírù wá Làtífù lọ, Làtífù ò lè wojú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, èmi náà mọ̀ nígbà tí mo délé. N ò fẹ́ pàdánù. Mo fi gba owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Sùnmọ́nù.”

Bàbá Sùnmọ́nù ti kú! Múnírù sáré lọ bá Sínótù, ọmọ olóògbé, ó ròyìn owó náà fún un.

“Owó yẹn ni?” Sínótù jókòó sílẹ̀. “Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni bàbá mi fẹ́ fi rà. Wọ́n pè é ní olè ní kẹ́míìsì, lójú gbogbo èèyàn. Ó padà wálé lọ́wọ́ òfo, ìtìjú ò jẹ́ kó sọ fún wa pé kò roògùn; ẹ̀yìn ikú rẹ̀ la tó gbọ́. Ó kàn ń bi mí ni, ‘Sínótù, ṣé mo jọ olè?’ Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tó fi kú.”

Múnírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ yọ̀ǹda mi.”

“Èmi yọ̀ǹda tèmi. Ti bàbá mi ò sí lọ́wọ́ mi.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn mí. Túúbá ọkùnrin yìí dé, ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ti lọ. Ó lọ sí Mẹ́kà o. Lọ́jọ́ Arafa, tí gbogbo èèyàn ń ké pe Ọlọ́hun, ẹni tó dúró tì í gbọ́ ohun tó ń sọ: “Bàbá, ẹ ò jọ olè. Èmi ni.” Ó sọ ọ́ títí oòrùn fi wọ̀.

Ẹ wo àpò yín. Èyí tí kò dáa níbẹ̀, ẹ fà á ya lónìí. Ọlọ́hun, tọ́ wa sọ́nà nígbà tí ẹni tí a ṣẹ̀ ṣì lè dá wa lóhùn. Má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ àlùkìyámọ̀, ọjọ́ àjíǹde, la ó ti pàdé rẹ̀. Àmín.