Awọ Àgùntàn Bàbá Gídáàdò

Wọ́n pa irọ́ mọ́ mi. Wọ́n ní èmi àti ẹ̀yin sọ pé awọ àgùntàn Mùsùlùmí ẹgbẹ́ wa kò mọ́ fún ìrun. Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ Ọlọ́run Aláàánú ṣíwájú ná, kí n má baà sọ̀rọ̀ jù.

Wáàsí tòní kò gùn, ẹ̀yin ará àsàlátù: ẹ ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, kọ̀ fún wa pé ká lọ dènà de ẹni tó ń kó ọjà bọ̀ wá sí ìlú, ká rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Kí ló dé tó fi kọ̀? Ẹ gbọ́.

Orúnkún ń dun ìyá mi. Awọ àgùntàn tírun rẹ̀ nípọn ni wọ́n ń kírun lé. Kásálì alágbàtà ló ń bá wa rà á wá láti gáà àwọn Fúlàní. Bí mo bá ní kí n tẹ̀lé e, á ní, "Àlájà, ẹ má dé ibẹ̀ o. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń kí àlejò." Mo gbà á gbọ́. Ṣé ẹ̀yin náà ò gbà á gbọ́?

Èyí tó gbé wá kẹ́yìn, irun rẹ̀ ń re. Bí ìyá mi bá forí kanlẹ̀, irun á lẹ̀ mọ́ wọn níwájú orí. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, mo ti ń hu irun tuntun." Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ká awọ náà, mo gun ọ̀kadà, ó di gáà.

Bàbá Gídáàdò, darandaran tó ni awọ, kò yọ ọ̀pá. Sàlámà ni wọ́n fi pàdé mi; ìyàwó wọn bu wàrà fún mi. Mo ju awọ sílẹ̀: "Bàbá, kí lẹ tà fún wa yìí? Orí rẹ̀ ni ìyá mi tí orúnkún ń dùn ti ń kírun."

Wọ́n fọwọ́ pa á, jẹ́jẹ́.

"Tèmi ni. Ṣùgbọ́n tútù ni Kásálì ń gbà á, kì í jẹ́ kí n fi iyọ̀ pa á kó gbẹ. Ó ní ohun yòówù kí n ṣe sí i, ẹ̀yin ará ìlú sọ pé kò mọ́. Ó ń gbé e lọ lówó pọ́ọ́kú, bí ẹni ń bá mi da ilẹ̀ nù." Wọ́n ká awọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìdí nìyẹn tí n kò fi wá kí Jímọ̀ lọ́dọ̀ yín mọ́. Àwọn àgùntàn náà, mo fẹ́ tà wọ́n tán."

Omi bọ́ lójú mi.

Wọ́n dìde, wọ́n gbé awọ tí àwọn fúnra wọn ń kírun lé, wọ́n gbọn eruku rẹ̀. "Ẹ bá mi fún ìyá. Kí orúnkún wọn sinmi."

Nígbà tí ìyá mi forí kàn án, wọ́n pẹ́ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé wọ́n ti sùn. Wọ́n ní, "Ẹni tó ni àgùntàn yìí ni mò ń ṣàdúà fún."

Kí Ọlọ́run fi ọ̀nà hàn wá, kó má jẹ́ kí agbo Bàbá Gídáàdò tú. Mò ń padà sí gáà lọ́jọ́ Àlàmísì; ẹni tó bá fẹ́ awọ, kó tẹ̀lé mi.

Kásálì, mo rí ọ lẹ́yìn òpó yẹn. Nínú gbogbo àwa tá a jókòó síbí, ta ló sọ fún ọ pé kò mọ́? Dárúkọ rẹ̀. Mo dúró.