Òjé Inú Akoto Corin

Kí ikú tó pa ẹnu mi dé lórí ibùsùn yìí, ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbọ́dọ̀ jáde. Èmi Wilf Tunnicliffe, mẹkáníìkì ọkọ̀ eré-ìje ní Northampton, èmi ni mo ba ayé Corin Pascoe, awakọ̀ wa, jẹ́. Ẹni tó bá sọ pé ọrùn rẹ̀ ló rọ, irọ́ ló pa.

Àwàdà ni mo pè é. Mo ti fi òkú ẹja sínú bàtà ọ̀gá wa rí, òórùn rẹ̀ lé àwọn ẹyẹ kúrò ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì! Ní òwúrọ̀ ìdíje kan ní Ítálì, mo mú òjé pẹlẹbẹ tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí táyà má baà gbọ̀n, mo lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ fóòmù akoto tí Corin fi ń dáàbò bo orí. Kò wúwo ju ẹyin adìẹ méjì lọ. Èmi òmùgọ̀! Ta ni kò mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ya kọ́nà lórí eré, gbogbo ohun tó wà lára awakọ̀ ni í wúwo ní ìlọ́po márùn-ún, àní itọ́ ẹnu rẹ̀? Orí nìkan a dà bí ìgbà tí màlúù jókòó sí èjìká ènìyàn.

Corin dé akoto. Ó ní, "Bàbá Wilf, orí mi wúwo lónìí o."

"Ọtí àná ni. Ìwọ tí o mu odò gbẹ!"

Magnus, tó ń fi okùn àti irin kọ́ ọrùn Corin lágbára, ní, "Kò fẹnu kan ọtí. Ẹ jẹ́ kí n yẹ akoto yẹn wò."

"Magnus, ṣé o ti di ìyá àgbà ni? Lọ jókòó, àsìkò ti tó." Mo ti ọmọ náà sínú ọkọ̀.

Ní ìyípo ogójì, ohùn rẹ̀ dé lórí rédíò: "Bàbá Wilf, orí mi ti ṣubú sí èjìká. Mi ò lè gbé e mọ́. Mi ò rí iwájú dáadáa." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "wọlé," pé kó kúrò lójú eré wá bá wa, ì bá gbà á là. Àmọ́ bó bá wọlé, wọn yóò tú akoto. Mo ní, "Fara dà á, ṣebí ọkùnrin ni ọ́." Ìyípo mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó lọ kọlu ògiri.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Dókítà ń sáré bọ̀, ó ń kígbe pé, "Ẹ má fọwọ́ kan orí rẹ̀!" Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo fa akoto náà yọ, ọrùn ọmọ ọlọ́mọ dún bí igi gbígbẹ lọ́wọ́ mi, mo sì já òjé sínú àpò.

Láti ọjọ́ náà, Corin kò lè yí ọrùn mọ́. Wọ́n ní Magnus kò kọ́ ọrùn rẹ̀ dáadáa, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kú pẹ̀lú orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Kérésìmesì ni Corin ń kọ lẹ́tà sí mi: "Ẹ ṣé, Bàbá Wilf, ẹ̀yin lẹ yọ akoto kí n lè mí." Mo sì ń jẹ kéèkì tó fi ránṣẹ́!

Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń ṣe àwàdà, bí ó bá ti fẹ́ di ẹ̀jẹ̀, ẹ tètè jẹ́wọ́. Corin, ọmọ mi, bí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é, bá mi dé ibojì Magnus, kí o sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò já ọ kulẹ̀.