Èsì Àná Ni Ẹ̀rọ Mi Gbé Jáde

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi ná. Ó ti pé ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Lánàá, mo dúró níwájú Káába, àdúrà kankan ò jáde lẹ́nu mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Ẹnjiníà kọ̀ǹpútà ni mí, ní ilé ìwòsàn kan ní Mẹ́kà. Nígbà tí mo dé láti Nàìjíríà, Àlàájì Múráínà, ọmọ Ìwó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn náà, ló gbà mí sílé ní àdúgbò At-Tandabawi. Òun ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò, tó sì ń kọ èsì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà fún àwọn dókítà. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fún mi lóúnjẹ.

Íńtánẹ́ẹ̀tì wa ń falẹ̀ púpọ̀. Wọ́n wá ra ẹ̀rọ kan tó ń tọ́jú ẹ̀dà ohun tí èèyàn bá ti ṣí, kí ẹlòmíì lè tètè rí i. Ó yẹ kí n lọ sídìí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, kí n ya ohun tó máa gba inú ẹ̀rọ náà kọjá sọ́tọ̀. Ó sú mi. Mo kàn gbé e sójú ọ̀nà gbogbo wọn, èsì ẹ̀jẹ̀, tí kò yẹ kó gba ibẹ̀ torí pé ó ń yí padà, náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan láti àdúgbò An-Nakkasah wà lórí ibùsùn. Ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àlàájì sì ti kọ ọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èsì àná, nígbà tí ṣúgà náà ṣì ga, ni ẹ̀rọ mi gbé fún dókítà. Wọ́n tún gún ìyá lábẹ́rẹ́ tó ń fa ṣúgà wálẹ̀. Ó kú kí wọ́n tó kírun ọ̀sán.

Mo wo inú ẹ̀rọ, mo rí ẹ̀dà àná náà. Ẹ̀rù bà mí. Mo pa á rẹ́. Nígbà tí ọ̀gá bi mí pé, "Yà muhándìs, ẹnjiníà, ṣé ẹ̀rọ rẹ ló fà á?" mo ní rárá, pé ó jọ pé Àlàájì gbàgbé láti kọ ọ́ ni.

Wọ́n gba ìkámà Àlàájì, ìyẹn ìwé ìgbélùú rẹ̀, wọ́n dá tọkọtaya náà padà sí Ìwó. Èmi ni mo bá wọn gbé ẹrù dé pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà. Àlàájì dì mọ́ mi.

"Àbúrò, mo kọ ọ́. Ọlọ́run gbọ́, mo kọ ọ́."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí lórí fóònù. Ilé ìwòsàn kan nílé fẹ́ gbà á síṣẹ́, wọ́n ní kó mú ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ rí, tó lè kọ̀wé nípa rẹ̀. Orúkọ mi ló fún wọn.

Tí mo bá kọ òótọ́, wọ́n á tì mí mọ́lé, ìyàwó àtọmọ mi tó wá bá mi níbí á sì di ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú. Tí mo bá kàn yìn ín, ẹ̀bi náà ò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá tó kú yẹn, tí wọn ò tíì mọ òótọ́, ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Sátidé ni wọ́n ń retí ìwé náà. Kí ni kí n kọ?