Ó Dá Mi Lójú, Dádì

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti bínú sí mi. Wọ́n ní mo ti ba ọmọ jẹ́, pé èmi ni mo kọ́ ọ kó máa bá àgbà jiyàn. Èmi tí mo ń di irun fún àwọn obìnrin ní Steilshoop, ní Hamburg níbí, jẹ́ẹ́jẹ́ mi! Ó yẹ kí n máa sunkún, ṣùgbọ́n tí mo bá ti rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ló ń pa mí.

Ọmọ mi kan ṣoṣo, Mojí, ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni ọkọ mi, Faransé ló máa ń bá a sọ láti kékeré, èmi sì ń fi Yorùbá Èkó tẹ̀lé e. Nígbà tó jáde ìwé, ó rí àyè sí kíláàsì kan tí àwọn Faransé ṣí ní Berlin, níbi tí wọ́n ti ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ẹnjiníà. Gbogbo ẹni tó jókòó síwájú mi fún irun dídì ló gbọ́! Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí, tó ń pè ní Dádì Berlin, ló ń gbé ní Reinickendorf, àdúgbò kan níbẹ̀.

Àṣé kẹ́mísìrì fẹ́ lé e níbẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni olùkọ́ máa ń pe ọmọ síwájú bọ́ọ̀dù, á ní kó ṣe iṣẹ́ kó sì máa ṣàlàyé ẹ̀. Kọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é. Mojí kì í ṣe olódo o, síbẹ̀ máàkì tó ń gbà ò ṣeé fojú rí. Wọ́n ní tí kò bá tún un ṣe kí ọdún tó parí, kó máa lọ sílé. Ni mo bá ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ ọkọ̀ ojú irin, ó di Berlin.

Mo ní kó ṣe kọ́ọ̀lù náà lójú mi. Èmi tí n kò mọ nǹkan kan nínú ásíìdì! Ó kọ iṣẹ́ náà sórí pátákó kékeré kan, mo wá ní, "Kí ni olùkọ́ máa ń sọ tó o bá débí?" Ó ní, "Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé ó dá mi lójú." Mo fajú ro bíi tíṣà, mo ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: ọmọ yìí tẹ orúnkún ba, ó ní "Ẹ má bínú, mà," ó sì nu gbogbo ẹ̀ nù! Mo pariwo, "Kí lo nù ún sí? Ṣé kò tọ̀nà ni?"

"Ó tọ̀nà, Mọ́mì. Ẹ̀yin lẹ ní tí àgbà bá ti bi mí lẹ́ẹ̀kejì, kí n yáa tọrọ àforíjì."

Háà! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀kọ́ ilé tí mo fún un nìyẹn lóòótọ́. Nílé wa, tí mo bá bi í pé ṣé ó dá ẹ lójú pé o ò fọwọ́ kan ẹran yìí, ẹ̀bẹ̀ ló kàn, kò sí àwíjàre. Olùkọ́ tiẹ̀ kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè dúró ti ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni. Mo ní, "Tí wọ́n bá tún bi ẹ́, sọ pé ó dá mi lójú, kó o sì sọ ìdí ẹ̀." Gbogbo ọ̀sán yẹn la fi ṣe é, mo béèrè títí ohùn mi fi há. Kí ọdún tó parí, kẹ́mísìrì ló ti ń mọ̀ jù, wọ́n sì ní kó máa bá ẹ̀kọ́ ẹ̀ lọ.

Bí wàhálà ṣe dé nìyẹn. Ní Sátidé tó kọjá, Dádì Berlin fẹ́ fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, wọ́n fẹ́ da bílíìṣì pọ̀ mọ́ Essig, ọtí kíkan tí àwọn ará ibí fi ń fọ nǹkan. Mojí ní, "Ẹ má dà á pọ̀, sà, gáàsì tó máa jáde lè ṣe yín léṣe gan-an." Wọ́n ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú pé o mọ̀ jù mí lọ?" Ó ní, "Ti gáàsì yìí, ó dá mi lójú, Dádì," ó sì já ike bílíìṣì gbà lọ́wọ́ wọn. Ni wọ́n bá pè mí ní Hamburg: kí Mojí kúnlẹ̀, kó sọ pé irọ́ lòun pa, tàbí kó wá ilé míì lọ. Ọkọ mi ní tiẹ̀ ti pa fóònù.

Ẹ̀yin òbí bíi tèmi, kí lẹ bá ṣe? Mo ti pe ọmọ mi. Mo ní, "Lọ kúnlẹ̀ fún Dádì, kó o bẹ̀ wọ́n fún ike tó o já gbà. Kúnlẹ̀ dáadáa o. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi ẹ́ nípa gáàsì, lórí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ni kó o ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má dà á pọ̀." Mo ń retí ìpè ẹ̀ báyìí. Tí wọ́n bá lé e, ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ yàrá tí wọ́n fẹ́ fi háyà ní Spandau, ní Berlin yẹn náà?